Fèrèsé Kẹta

Nígbà tí ìdánwò Wáẹ̀kì ku oṣù mẹ́ta,
tíṣà Bíbélì gba ìwé ìgbélọ sí Àgbádárìgì.
Wọ́n bá kó àwa ọmọ Kìrìsìtẹ́nì, méjìdínlógún,
lọ bá àwọn Mùsùlùmí lọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Kásúmù.
Àga ò tó. Múníràtù sún ìdí, mo jókòó tì í.
Ẹ̀rọ alápákó Òkobaba ń ké lẹ́yìn ògiri,
ìyẹ̀fun igi ń gba fèrèsé wọlé,
ó bà sórí Kùránì, ó bà sórí Bíbélì,
kò bi ìkankan léèrè orúkọ.

Ọ̀gbẹ́ni Kásúmù pa ìwé dé.
Ó ní, "Bí kò bá sí Ọlọ́run tó ń wò ọ́,
tí kò sí ọlọ́pàá, tí ìyá rẹ ò sí nílé,
kí ló máa dá ọwọ́ rẹ dúró?"
Ẹnì kan ní ìtìjú. Ẹnì kan ní ọ̀run àpáàdì.
"Mo ní ká mú Ọlọ́run kúrò ńbẹ̀ ná,
ìwọ tún ti gbé iná rẹ̀ wọlé."
Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.
Téèpù bàbá mi ni mo ń rò,
téèpù tó já nídìí, tí ínṣì méjì àkọ́kọ́ ti sọnù,
tó fi ń wọn pákó fún oníbàárà láti ọdún tó kọjá;
bó bá sì di ọjọ́ Ìsinmi, òun ló ń gbé igbá ọrẹ.

Mo gbé ìbéèrè náà délé. Mo bi í.
Bàbá mi wò mí látòkè délẹ̀,
ó ní, "Ṣé ohun tí mo ń san owó iléèwé fún nìyí?"
Ó ká téèpù rẹ̀ sápò.

Ọjọ́ ìdánwò ẹ̀sìn pé.
Ìbéèrè kẹta: Ananíà àti Sáfírà,
tọkọtaya tó ta ilẹ̀, tó fi díẹ̀ pamọ́ nínú owó rẹ̀.
Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa nípa òtítọ́?
Kí n tó fa ìlà sábẹ́ orúkọ wọn,
ọwọ́ kan ti yọ ní fèrèsé kẹta,
níbi tí gíláàsì ti fọ́ láti ọdún wo ni,
pẹ̀lú bébà kan tí wọ́n lọ́ bí ìdì ẹ̀pà.
Ìdáhùn sí ìbéèrè òtítọ́: ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.
Ẹni tó ń ṣọ́ wa kọjú sí ògiri,
ó ń wo aago tó ti kú.
Jọláadé gbà á, ó kọ ọ́, ó nà án sí mi.
Mo mi orí.

Ìròyìn kì í rìn, ó ń sáré ni.
Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n pè mí jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n pàtẹ́wọ́.
Lọ́jọ́ Ajé, bàbá mi sọ téèpù rẹ̀ sínú ọ̀sà,
ó ra tuntun.
Ó ní ọmọ òun ló kọ́ òun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níbí, mi ò tíì sọ ọ́ níbòmíràn:
mo mọ ìtàn Sáfírà yẹn dáadáa ni.
Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n, títí dórí ẹni tó gbé òkú rẹ̀ jáde.
Ẹni tó yó bámú tó ní òun ò jẹun mọ́,
ta ló máa pè é ní aláàwẹ̀?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìṣirò.
Mo wo ìbéèrè, ìbéèrè wò mí.
Ìyẹ̀fun igi ń kún ojú ìwé mi tó ṣófo.
Nígbà tí ọwọ́ yẹn máa fi yọ ní fèrèsé kẹta,
tèmi ti wà níbẹ̀.

Téèpù tuntun wà lórí tábìlì lálẹ́, ó ń dán.
Mo nà án láti èjìká mi dé orí ìka:
ínṣì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.
Kò dín, kò lé.
Kò sì sọ ibi tí ọwọ́ náà dé.